Ìlọrin Tálákà Parapọ̀: Ìpolongo Ìbò Kan àti Ìrètí tí Ó Fi Sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹgbẹ́ òṣèlú tí agbára bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìtàn rẹ̀ ti parí. Ọ̀rọ̀ kò fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Ìpolongo ìbò mìíràn a máa pẹ́ lọ́kàn ará ìlú ju ìjọba tí ó borí rẹ̀ lọ. Irú rẹ̀ ni ti ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀, tí a mọ̀ sí I.T.P., ní àárín àwọn ọdún 1950. Sule Maito jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn olórí rẹ̀.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ tó ẹ̀kọ́. ‘Tálákà’ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí Yorùbá yá lọ́wọ́ Haúsá. Kì í ṣe ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ nìkan ni Haúsá ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò jẹ oyè, tí kò sì sí nínú ìdílé àwọn aláṣẹ, tálákà ni. ‘Parapọ̀’ ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ́nńbélé. Ní ìlú tí Yorùbá, Fúlàní, Haúsá àti Núpé ti jọ ń gbé láti ìgbà pípẹ́, orúkọ bẹ́ẹ̀ ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé kì í ṣe ẹ̀yà ni a fi ń mọ ọmọ ẹgbẹ́, bí kò ṣe ipò tí olúkúlùkù wà lábẹ́ ìjọba. Ohun tí àwọn kan kà sí ẹ̀gàn, ẹgbẹ́ yìí sọ ọ́ di oyè.

Kí ni ó fa ìrètí náà? Abẹ́ ìjọba ilẹ̀ Àríwá ni Ìlọrin wà nígbà náà. Ìjọba ìbílẹ̀ tí a ń pè ní N.A. ni ó ń gba owó orí, òun ni ó ni àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ àti ilé-ẹjọ́ alùkálí, Ẹ́mírì Abdulkadir, tí ó wà lórí oyè láti 1920 títí di 1959, sì ni olórí rẹ̀. Mẹ̀kúnnù ń san owó orí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dé ibi tí a ti ń pinnu bí a ó ti ná an. Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ kò sì jìnnà. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni òun wà. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Bàbá tí ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìlọrin kò lè ṣàì bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ọmọ ìbátan rẹ̀ kò fi san án ní Ògbómọ̀ṣọ́.

I.T.P. fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú Action Group, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Ohun méjì ni wọ́n ń polongo: kí ará ìlú máa fi ìbò yan àwọn tí yóò ṣe àkóso ìlú, kí a sì mú Ìlọrin kúrò ní Àríwá lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí pé ọ̀tọ̀ ni èkínní, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Ẹni tí ó fẹ́ èkínní lè má fẹ́ èkejì rárá. Kí a sì má gbàgbé pé obìnrin kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní ilẹ̀ Àríwá nígbà náà. Ọdún 1979 ni àwọn ìyá Ìlọrin tó kọ́kọ́ dìbò yan ààrẹ àti gómìnà. Ìparapọ̀ tálákà kò tíì pé.

Síbẹ̀, ìpolongo náà so èso. Kí ọdún 1957 tó parí, I.T.P. àti Ọlọ́pẹ ti ní ọmọ ẹgbẹ́ tí ó pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ ìlú Ìlọrin, ohun ìyanu ní ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ N.P.C. ti ń ṣe ìjọba. Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò pẹ́. Ní 1958, ìjọba Kàdúná tú ìgbìmọ̀ náà ká. Ní ọdún kan náà, ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn láti wádìí ẹ̀rù àwọn ẹ̀yà kékeré, kò dá a lábàá pé kí a dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀. Ìlọrin dúró sí Àríwá títí a fi dá ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara sílẹ̀ ní 1967.

Ìrètí kò bá ìgbìmọ̀ náà tú ká. Ní 1979, J. S. Ọláwoyin ará Ọ̀fà, tí ó ti ń bá Ọlọ́pẹ ṣe láti àwọn ọdún 1950, díje fún ipò gómìnà lábẹ́ U.P.N., pẹ̀lú ìlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ìwòsàn ọ̀fẹ́. Adamu Attah ti N.P.N. ni ó borí. Ní 1983, C. O. Adébáyọ̀ wọlé fún U.P.N.; ṣùgbọ́n Olúṣọlá Saraki, àgbà òṣèlú N.P.N. tí òun àti Attah ti dìjà, wà lára àwọn tí ó gbè é dé ibẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré ni gómìnà náà lò kí àwọn ológun tó gba ìjọba ní 31 Oṣù Kejìlá. Ṣé ìṣẹ́gun tálákà ni èyí, àbí ìjà àwọn ẹni ńlá ni ó fún tálákà láyè? Ìbéèrè yìí tó jíròrò ní kíláàsì.

Nígbà tí igbe ‘Ó tó gẹ́’ gba ìgboro Ìlọrin ní ìbò 2019, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń pa á ni a kò tíì bí ní ìgbà I.T.P. Àwọn olùdíje yàtọ̀, ẹgbẹ́ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe tuntun: pé ẹni tí kò joyè lè sọ pé ohun kan ti tó, kí ó sì fi ìwé ìbò sọ ọ́. Ogún tí I.T.P. fi sílẹ̀ kì í ṣe ilé, kì í ṣe ọ̀nà. Òṣùwọ̀n ni, tí ará ìlú lè fi wọn olùdíje yòówù kí ó jẹ́: nígbà tí a bá jókòó láti ná owó ìlú, ta ni yóò wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó san án?