Ṣé o mọ̀? Okùn tó kúrú jù lára báńjò ni ohùn rẹ̀ ga jù

Lára báńjò olókùn márùn-ún ti Amẹ́ríkà, okùn karùn-ún ló sún mọ́ àtàǹpàkò jù. Àárín ọrùn báńjò ló ti bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ ga ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Ogún Áfíríkà ni: akonting, ohun èlò orin olókùn àwọn ará Jola ní Senegal àti Gáńbíà, ní irú okùn kúkúrú bẹ́ẹ̀ títí dòní, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló sì gbé ìmọ̀ náà sọdá òkun.

Okùn yìí gan-an ló yẹ kí o ṣọ́ra fún bí o bá ń fi tuner orí íntánẹ́ẹ̀tì tún ohùn báńjò ṣe. Ohùn tó wọ́pọ̀ jù, láti okùn karùn-ún dé ìkíní, ni G, D, G, B, D. G méjì, D méjì! Tuner mìíràn á kàn kọ lẹ́tà sójú fóònù, kò ní sọ bóyá ti òkè ni tàbí ti ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà Hz ni kí o máa wò: G ti okùn kẹta jẹ́ 196, ti okùn karùn-ún jẹ́ 392. Bí o bá ń lọ́ okùn kẹta lọ sí 392, yóò já mọ́ ọ lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni orí awọ tàbí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni igi kékeré tó gbé àwọn okùn ró wà. Bí o bá fa okùn kan le, awọ náà á tẹ̀ wọlé díẹ̀, àwọn okùn tó o ti tún ṣe á sì dẹ̀. Nítorí náà, bí o bá ṣe tán, tún gbogbo wọn yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.