Kí Ni Orúkọ Òkúta Tí O Rà?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọlé tọ̀ mí wá, ó tú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó sì yọ òkúta kan jáde níbẹ̀, òkúta kékeré tí ó pọ́n bí oyin ìgàn, tí wọ́n ti gé ojú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí ó fi ń tàn yanran bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Ó ní tópásì ni, ó ní iye tí òun san lé e lórí kì í ṣe èyí tí obìnrin ń pariwo rẹ̀ létí ọkọ, ó sì ní kí n bá òun wá alágbẹ̀dẹ wúrà tí yóò dè é mọ́ òrùka. Mo gbé òkúta náà yẹ̀ wò, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni ó sọ fún yín pé tópásì ni?" Ó ní, "Ẹni tí ó tà á fún mi ni."

Ìdáhùn kúkúrú yìí ni ó jẹ́ kí n gbé kálámù, nítorí pé nínú òwò òkúta iyebíye, orúkọ ni à ń rà ju òkúta lọ. Òkúta méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí ó jẹ́ pé orúkọ tí a fi pe ọ̀kan yóò mú kí iye rẹ̀ fi ìlọ́po ogún ju ti èkejì lọ. Ẹni tí ó sì ń sọ wọ́n lórúkọ, lọ́pọ̀ ìgbà, ni ẹni tí owó náà ń bọ̀ sí àpò rẹ̀.

Èdè wa kò fi bẹ́ẹ̀ ní orúkọ fún wọn, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ ni àwọn baba wa mọ̀ ní ohun ẹ̀ṣọ́: iyùn, sẹ̀gi, àkún, àti lántànà pupa tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀, fi sùúrù lọ̀ títí ó fi dán. Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì dé ibi òkúta méjìlá tí ń bẹ ní ìgbàyà Áárónì, ohùn Yorùbá ni wọ́n kàn fi pe orúkọ àjèjì, tópásì, sáfírè, bérílì. Níbi tí èdè mìíràn sì gbé kọ rúbì nínú ìwé Òwe, iyùn ni tiwa kọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí èyí sọ fún yín pé díńgí kò níyì. Díńgí ni sẹ̀gi. Ní Igbó Olókun, ní Ifẹ̀ Oòdáyé, ni àwọn baba wa ti ń yọ́ irú rẹ̀ láti inú iyanrìn ilẹ̀ wa ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ọba sì ń fi í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ìtìjú kò sí nínú díńgí. Kí a pe díńgí ní sáfírè ni ìtìjú.

Ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ kò yàgàn òkúta. Ní 1998, tọ́málínì pupa tú jáde ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́pọ̀ yanturu tó bẹ́ẹ̀ tí ọjà òkèèrè kún fún un. Nígbà tí ó di ọdún kejì, agbègbè Ìsẹ́yìn ọmọ Ẹbẹdí mú garnet jáde, irú èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tí ó pọ́n dénú. Ní Ojóò, ní Ìbàdàn nílé Olúyọ̀lé, àwọn oníṣòwò, tí Hausa pọ̀ nínú wọn, ń ná òkúta bí a ti ń ná ata: gíráàmù tàbí kílò ni wọ́n fi ń wọn èyí tí a kò tí ì gé, káráàtì ni ti èyí tí a ti gé, káráàtì márùn-ún sì ni gíráàmù kan. Ibi tí ojúlówó bá ti ń tà, ayédèrú kì í jìnnà síbẹ̀. Àfọ́kù ìgò ọtí tí wọ́n ti yí nínú iyanrìn títí etí rẹ̀ fi kújú ti di tọ́málínì tútù yọ̀yọ̀ lọ́wọ́ àwọn kan. Bẹ́ẹ̀ tọ́málínì tòótọ́ máa ń gùn gbọọrọ, ó ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí igi àgbàdo, bí ẹ bá sì dojú orí rẹ̀ kọ ara yín, igun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ wọn wú díẹ̀ ni ẹ óò rí. Ìgò kò ní irú èyí.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni wọ́n sọ orúkọ òdì fún rí, èmi ìbá dákẹ́, ṣùgbọ́n ó ti ṣe ọba rí. Òkúta pupa ràgàjì tí ń bẹ níwájú adé ọba Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ìtàn sọ pé Pedro ọba Castile fún Edward tí wọ́n ń pè ní Black Prince ní 1367, rúbì ni gbogbo ayé ń pè é láti ìran dé ìran, kí àwọn onímọ̀ tó rí i pé spinel ni, òkúta mìíràn tí ó jọ rúbì. Nígbà tí Gustav Kẹta ọba Sweden sì fi òkúta pupa ńlá kan ta Catherine ọbabìnrin Rọ́ṣíà lọ́rẹ ní 1777, tí wọ́n pe òun náà ní rúbì, tọ́málínì ni ó padà jẹ́, ìbátan èyí tí ọmọ Òkè-Ògùn ń fi ṣọ́bìrì wà. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a; irọ́ ti adé yìí lọ ju ogún ọdún dáadáa, ọwọ́ ṣì tẹ̀ ẹ́ náà ni.

Ojú ni a kọ́kọ́ fi ń dán òkúta wò, awò kékeré tí ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní lúùpù, kò sì gbọ́dọ̀ wọ́n lápò ẹni tí ń lọ ra òkúta. Nínú díńgí, ẹ óò rí àwọn róbótó kéékèèké bí ìhó ọṣẹ, tàbí ìlọ́ tí ó dà bí ògì tí à ń rò lórí iná. Ṣùgbọ́n òkúta tí ilẹ̀ bí, ó ní ilà ojú tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ọ̀yọ́ àtijọ́, yálà ẹyọ òkúta mìíràn tí ó sùn sínú rẹ̀, tàbí ẹ̀là fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́. Èyí tí ó mọ́ gaara tí kò ní ilà kankan, tí ó tún tóbi, tí ó tún pọ́ọ́kú, ẹ fura sí i. Ẹ gbé e kan ètè: òkúta tutù, ó sì pẹ́ kí ó tó gba ooru ara, díńgí kì í pẹ́ tó o, rọ́bà kò tilẹ̀ tutù rárá.

Àwọn kan a máa fi ọ̀bẹ tàbí ayùn họ ọ́. Lóòótọ́, Friedrich Mohs, ọmọ Jámánì, ti to òkúta sí ìpele líle láti 1 dé 10 ní 1812, díámọ́ńdì 10, rúbì àti sáfírè 9, tópásì 8, kwọ́tísì 7, díńgí kì í sì sábà ju 5 àti ààbọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òkúta tí a ti gé tí a wá họ ti di alábùkù, ta ni yóò san owó rẹ̀? Èyí tí ó burú jù ni ti àwọn tí ń fi òòlù lù ú, tí wọ́n ní díámọ́ńdì tòótọ́ kì í fọ́. Líle yàtọ̀ sí àìfọ́: díámọ́ńdì a máa là bí igi bí òòlù bá bà á lójú ibi tí ẹ̀là rẹ̀ gbà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti omi, òun náà ni mo sì ṣe lójú ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbé ìwọ̀n kékeré oníbátìrì tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò ka orí tábìlì, mo wọn òkúta náà ní gbígbẹ, ó jẹ́ 2.12 gíráàmù. Mo gbé ife omi kan lé orí ìwọ̀n náà, mo dá nọ́ńbà rẹ̀ padà sí òdo, mo fi òwú ìránṣọ so òkúta náà, mo gbọn afẹ́fẹ́ tí ó lẹ̀ mọ́ ọn lára dànù, mo sì rì í sínú omi láìjẹ́ kí ó kan ìdí ife tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi dúró, ẹ̀gbọ́n mi kò mí. Ìwọ̀n náà ní 0.80, èyí tí í ṣe ìwúwo omi tí òkúta náà tì kúrò láyè rẹ̀. Mo fi 0.80 pín 2.12, ó jẹ́ 2.65. Òfin Archimedes ará Gíríìsì ni, ó ti lé ní 2,200 ọdún, kò sì tí ì gbó: tópásì ìbá jẹ́ nǹkan bí 3.5, tọ́málínì bí 3.1, rúbì àti sáfírè bí 4, díńgí ìgò bí 2.5. Kwọ́tísì ni 2.65. (Bí òkúta bá kéré púpọ̀, àṣìṣe díẹ̀ lórí ìwọ̀n yóò ba ìṣirò jẹ́, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.)

Nítorí pé díńgí mìíràn lè ṣe kòńgẹ́ nọ́ńbà yìí, mo mú awò ojú oòrùn méjì, irú polaroid tí àwọn awakọ̀ ń lò, mo yí ọ̀kan lórí èkejì títí ibẹ̀ fi ṣú dùdù, mo sì fi òkúta náà sí àárín wọn, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ó ń mọ́, ó ń ṣú, ó ń mọ́, ó ń ṣú. Díńgí ìbá ṣú síbẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni garnet, nítorí náà kí ẹni tí ó ra garnet má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Òkúta ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe díńgí, kì í sì í ṣe tópásì. Citrine ni, kwọ́tísì olóyin, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ́jà jẹ́ amétísítì elésè àlùkò tí wọ́n fi iná yan títí àwọ̀ rẹ̀ fi yí padà.

Ní ti tọ́málínì, kò tilẹ̀ nílò ìwọ̀n: ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ tún wò ó láti orí. Bí òkúta bá jẹ́ tọ́málínì tí àwọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, orí rẹ̀ yóò ṣú ju ẹ̀gbẹ́ lọ, nígbà mìíràn yóò tilẹ̀ jọ àwọ̀ mìíràn.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ife omi àti lúùpù ń pin sí. Láti 1902 tí Auguste Verneuil ti Faransé ti fi ọ̀nà tí ó gbà ń fi iná ṣe rúbì hàn aráyé, rúbì tí a bí sínú ilé-iṣẹ́ ti wà tí líle rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ àti èròjà rẹ̀ kò yà kúrò lára ti inú ilẹ̀. Ilà rẹ̀ tí ó tẹ̀ kọdọrọ bí ìlà àwo orin ni ó sábà máa ń tú u fó, ojú tí ó ti gbó nínú iṣẹ́ ni ó sì ń rí i. Àwọn mìíràn wà tí ilẹ̀ bí lóòótọ́, tí wọ́n wá da díńgí yíyọ́ sí ẹ̀là inú wọn. Àwọn mìíràn, aró ni wọ́n rẹ wọ́n sí, èyí tí òwú tí a fi ohun ìpa-ọ̀dà-èékánná rẹ lè gbà jáde nígbà mìíràn. Àwọn ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò bíi GIA ní Amẹ́ríkà lè yanjú rẹ̀, àmọ́ owó àyẹ̀wò lè ju iye òkúta kékeré lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ pé kí ó má ṣe lé rúbì pọ́ọ́kú kiri. Garnet, amétísítì, citrine, àti tọ́málínì ilẹ̀ wa, ojúlówó wọn kò wọ́n jù, ẹni tí ń rà wọ́n ní orúkọ wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlẹ́tàn.

Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké: oníṣòwò tí ó pe citrine ní citrine ni ọ̀pọ̀ wa ń fojú fò, tí a ó lọ bá ẹni tí ó pè é ní tópásì. Ẹ ra òkúta lójú ọ̀sán, ní ìta, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù olómi ọsàn tí ń mú gbogbo pupa wuni. Ẹ má ra èyí tí omi tàbí òróró wà lára rẹ̀, nítorí wọ́n ń bo ẹ̀là mọ́lẹ̀. Ẹ nù ún gbẹ ná. Kí ẹ sì ní kí olùtajà kọ orúkọ òkúta náà sínú rìsíìtì, bóyá ilẹ̀ ni ó bí i tàbí ilé-iṣẹ́, bóyá wọ́n yan án tàbí wọn kò yan án. Bí ó bá kọ̀, ẹ dá a padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Òkúta ẹ̀gbọ́n mi wà ní ìka rẹ̀ báyìí, nínú òrùka fàdákà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, ó ní citrine ni. Owó rẹ̀ kò padà.