Aṣọ wọn dé òkè òkun, orúkọ wọn ò tẹ̀lé e: ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ahunṣọ Bùnú

Láyé àtijọ́, bí ọba tàbí ìjòyè ńlá bá papò dà ní ilẹ̀ Bùnú, aṣọ pupa kan wà tí wọ́n máa ń gbé jáde. Aṣọ ìpò ni wọ́n ń pè é. Ó nípọn, iṣẹ́ ọnà kún ara rẹ̀, pípupa rẹ̀ sì ń tani lójú. Wọ́n á ta á síwájú ilé olóògbé kí tẹrú-tọmọ lè rí i, àwọn egúngún náà sì ń fi ṣe ẹ̀wù. Ẹni tó bá ń kọjá lọ, tó sì rí aṣọ yẹn lára ògiri, kò ní í béèrè mọ́ bóyá èèyàn pàtàkì lẹni tó kú. Aṣọ ti sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ béèrè pé ta ló hun ún. Ẹ béèrè ní Odo-Ape, ẹ béèrè ní Kabba, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ Bùnú tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó àti l'Ábújá. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá yín lóhùn pé àwọn ìyá wa ni. Ìyá ta? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń di wúyẹ́wúyẹ́.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà tó gbé yẹ̀ wò lásìkò yìí ni pé ọ̀nà ti wà báyìí tí ẹni tó wà ní London, ẹni tó wà l'Ékòó àti ẹni tó jókòó sí Odo-Ape fi lè jọ kọ ìtàn ẹnì kan ṣoṣo pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo ayé sì máa kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Wikipedia làwọn èèyàn mọ̀ jù nínú irú iṣẹ́ àjọṣe bẹ́ẹ̀. Láti 2001 ló ti wà, ẹnikẹ́ni ló lè kọ nǹkan síbẹ̀, kódà ti Yorùbá wà. Ẹni tó bá wá rò pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn, kó sáà gbé fóònù, kó kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sí i, kò tíì pàdé àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Kọ́rọ̀ tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ irú iṣẹ́ táwọn ìyá yìí ń ṣe. Òfì tiwọn yàtọ̀ sí èyí táwọn ọkùnrin Ìṣẹ́yìn fi ń hun aṣọ òkè tóóró-tóóró. Òfì tó dúró gbagidi ni, wọ́n á gbé e ti ògiri ilé, obìnrin á jókòó síwájú rẹ̀, aṣọ tó ń ti ibẹ̀ jáde sì fẹ̀ dáadáa. Kó tó di pé ó jókòó rárá, ó ti ya èso kúrò nínú òwú, ó ti gbọ̀n ọ́n, ó ti ran án. Gbogbo èyí wà lórí iṣẹ́ oko, oúnjẹ sísè àti ọmọ títọ́. Aṣọ funfun wà fún ọ̀rọ̀ àwọn ẹbọra, aṣọ dúdú tí wọ́n fi aró pa wà fún ìyàwó tuntun tó ń lọ sílé ọkọ, pupa wá ni ti àwọn ìjòyè, ti òkú ńlá àti ti egúngún.

Pupa yẹn gan-an nítàn tirẹ̀. Wọ́n máa ń ra búláńkẹ́ẹ̀tì pupa tó wá láti òkè òkun, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ọsibítù, wọ́n á fara balẹ̀ tú u fọ́nrán-fọ́nrán, wọ́n á wá fi òwú rẹ̀ hun aṣọ ìpò. Ẹ wo ọgbọ́n! Ohun tí òyìnbó fi ń bo aláìsàn ni obìnrin Bùnú tú palẹ̀ tó sì sọ di ohun tí wọ́n fi ń yẹ́ ọba sí. Bí ọkùnrin kan bá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Paris, wọn ò bá ti kọ ìwé mẹ́wàá nípa rẹ̀.

Wọ́n kúkú kọ ìwé nípa aṣọ náà. John Picton, òyìnbó tó bá iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà ṣiṣẹ́ láàárín 1961 sí 1970, àti John Mack kọ African Textiles, tí British Museum gbé jáde ní 1979. Lẹ́yìn náà ni Elisha Renne, obìnrin ará Amẹ́ríkà, wá gbé láàárín àwọn ará Bùnú ní ìparí àwọn ọdún 1980, ìwé tirẹ̀ sì jáde ní 1995. Cloth That Does Not Die ló sọ ọ́, ìyẹn aṣọ tí kì í kú. Nígbà tó fi débẹ̀, àwọn tó ṣì ń hun aṣọ ti di arúgbó, wọn ò sì pọ̀ mọ́. Aṣọ fákítọ̀rì ti dé, ó dínwó, kò sì gba oṣù kan. Àwọn ọmọbìnrin ti ń lọ síléèwé. Ta ló tún fẹ́ jókòó ti òfì?

Aṣọ ò kú lóòótọ́. Ẹni tó hun ún ló ń kú.

Ẹnì kan wà nílẹ̀ Òkun tórúkọ tirẹ̀ ò sọnù, òun ni Nike Okundaye. Ògìdì ní Ìjùmú ni wọ́n ti bí i ní 1951. Ọmọdé ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ìyá-ńlá rẹ̀ tó jẹ́ ahunṣọ ló sì kọ́ ọ níṣẹ́. Ó lọ sí Òṣogbo, ó fẹ́ Twins Seven Seven, olókìkí ayàwòrán tí ìyàwó kún ilé rẹ̀ (ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yẹn nìkan tó kún odidi ìwé ìròyìn kan), ó kúrò níbẹ̀, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1983. Lónìí, ilé àwòrán rẹ̀ tó ga fíofío ní Lẹ́kí, ààrẹ àti àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè ń wọ ibẹ̀ bí ẹni wọ ọjà. Màmá Nike ò kọ́ iṣẹ́ náà lójú ọ̀run o. Ọwọ́ obìnrin kan tó jókòó ti òfì ló ti kọ́ ọ. Àwọn tó mọ̀ mọ orúkọ ìyá-ńlá náà nítorí pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ di olókìkí, tó sì ń dárúkọ rẹ̀ káàkiri. Àwọn tí ọmọ-ọmọ tiwọn di akọ̀wé báńkì ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ wá dé ẹnu ọ̀nà tá à ń wí. Òfin Wikipedia ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọ ohun tó mọ̀ láti orí ara rẹ̀ nìkan. Ohun tó bá kọ, wọ́n ti gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde níbòmíì tẹ́lẹ̀, nínú ìwé tàbí ìwé ìròyìn tí kì í ṣe ti ẹni náà tàbí ti ẹbí rẹ̀. Òfin náà dára, òun ni kì í jẹ́ kí gbogbo alágbàtà fi ara rẹ̀ joyè síbẹ̀. Àmọ́ ó ń pa àwọn kan lára. Ní oṣù karùn-ún 2018, wọ́n dá ìwé tẹ́nì kan kọ nípa Donna Strickland padà, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Kánádà, wọ́n ní ẹ̀rí tó wà níbẹ̀ kò tó láti fi hàn pé ó lókìkí. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún náà, ó gba ẹ̀bùn Nobel. Bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì, kí ni wọ́n máa sọ fún ìyá arúgbó kan ní Bùnú?

Àwọn tó rí àìdọ́gba yìí ò káwọ́ gbera. Ìwádìí kan ní 2011 ti fi hàn pé nínú 100 èèyàn tó ń kọ nǹkan sí Wikipedia, obìnrin ò tó 10. Ní 2014, àwọn kan ní New York dá Art+Feminism sílẹ̀. Ṣe ni wọ́n máa ń kó ara wọn jọ sínú gbọ̀ngàn kan pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, wọ́n á kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n á wá jọ máa kọ ìtàn àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọnà tí ayé gbójú fò. Ní 2016, Wiki Loves Women bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, Ghana, Kamẹrúùnù àti Côte d'Ivoire. Achal Prabhala, ọmọ Íńdíà, tilẹ̀ ti gbìyànjú ohun tó jùyẹn lọ ní 2011. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ohùn àwọn èèyàn sílẹ̀ ní Íńdíà àti South Africa, wọ́n wá ní kí ohùn yẹn di ẹ̀rí bíi ti ìwé. Ọ̀rọ̀ náà dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀, Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì ò sì sọ ọ́ di òfin.

Síbẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá ti rí i rí pé ohùn ẹnu lè di ìwé. Ẹ rántí Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére Ìsẹ̀-Èkìtì tó kú ní nǹkan bí 1938. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún Ògògà Ìkẹ́rẹ́ dé ibi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley ní 1924. British Museum rí i, ojú wọn wọ̀ ọ́, àwọn àti Ògògà sì ṣe pàṣípààrọ̀: ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní England ni wọ́n fi gba ilẹ̀kùn náà. Ìlú ọba mọ ilẹ̀kùn, wọn ò mọ agbẹ́gi. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún lorúkọ rẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ tó ṣì wà láyé ki oríkì rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n John Pemberton gbà á sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Nígbà tó di 1998, Ọlọ́wẹ̀ nìkan ni Smithsonian ṣe odidi àfihàn fún ní Washington. Bí ìyá yẹn bá ti kú ní 1987 ńkọ́?

Bí àwọn ọmọ Bùnú bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, iṣẹ́ náà pín sí méjì, ẹni tó wà nílé àti ẹni tó wà lẹ́yìn odi ni yóò jọ ṣe é. Ẹni tó wà nílé ló lè jókòó ti àwọn ìyá, kó gbọ́hùn wọn, kó gba àyè lọ́wọ́ wọn kó tó ya fọ́tò. Ẹni tó wà nígboro ló ní íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í já, òun ló sì lè lọ bá àwọn oníwèé ìròyìn pé kí wọ́n tẹ ìtàn náà. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn oníwèé ìròyìn, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òṣèré tó kọ ọkọ ló máa ń gba ojú ewé iwájú lọ́wọ́ wọn. Ojú ewé kan péré tó bá sọ pé ìyá báyìí, ní ìlú báyìí, ló hun aṣọ báyìí, ti di ẹ̀rí tí wọn ò lè dá padà wẹ́rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ìwé tí ẹbí há níbi ìsìnkú ò lè ṣe é, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú náà ò lè ṣe é, bó ti wù kí àwòrán alága tóbi tó lórí rẹ̀.

Fọ́tò náà lẹ́jọ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e sórí Wikimedia Commons, níbi táwọn àwòrán ọ̀fẹ́ ń gbé, wọ́n á béèrè ẹni tó ni ín. Ẹni tó ya fọ́tò lorúkọ rẹ̀ ń bọ́ síbẹ̀. Bí wọn ò bá fojú sílẹ̀ láti kọ orúkọ ahunṣọ àti ìlú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, ọmọ tó fi fóònù ya aṣọ ní ìṣẹ́jú kan á lórúkọ, ìyá tó fi oṣù kan hun ún ò ní í ní.

Kò sówó nídìí rẹ̀ o, ó yẹ kí wọ́n tètè sọ èyí fún àwọn ìyá náà. Kò sẹ́ni tí Wikipedia ń sanwó fún. Bí ìyá kan bá sì ní òun ò fẹ́ kí wọ́n gbé òun sórí ohunkóhun, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ìṣòro tó wá le jù nínú gbogbo rẹ̀, kò sí lọ́wọ́ òyìnbó kankan, ilé wa ló wà. Ọmọ kì í pe ìyá rẹ̀ lórúkọ. Ìyàwó ilé kì í pe ìyá ọkọ lórúkọ. Láti ọjọ́ tó ti bí àkọ́bí, gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní Ìyá Ṣadé, Ìyá Dúpẹ́, nígbà tó bá sì darúgbó, ó di Màmá Àgbà. Àwọn tó lè pe orúkọ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí ẹni tó bá gbé fóònù rẹ̀ dé Odo-Ape kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, kó tọrọ gáfárà, kó wá béèrè lọ́wọ́ ìyá fúnra rẹ̀: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dákun, kí lorúkọ tí wọ́n sọ yín?"