Obìnrin Kan, Apẹ̀rẹ̀ Mélòó?

Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ ti rí i lọ́jà pé agbowó ọjà kì í sábà ka orí àwọn ìyá tó jókòó sídìí igbá. Ẹrù ló ń kà. Ìyá Rónkẹ́ kan ṣoṣo ni, àmọ́ apẹ̀rẹ̀ ata wà níwájú rẹ̀, ti tòmátì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àpò àlùbọ́sà wà lẹ́yìn: tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni wọ́n máa já fún un. Ó lè pariwo títí, agbowó ò ṣìrò.

Irú ariwo bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì máa ń pa, nígbà tí ètò tí wọ́n fi ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sọ pé ìwé àṣẹ wọn ti kún. Ẹ wo PRTG, tí ilé iṣẹ́ Paessler ń ṣe ní Nuremberg, nílẹ̀ Jámánì. Sensor 100 ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ogún á rò pé àyè ṣì pọ̀ rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ ni sensor, kì í ṣe ìyá tó ni ín. Ọ̀kan ń wò ó bóyá server ń dáhùn, òmíràn ń wo àyè tó kù nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ní kó máa ṣọ́ gbogbo pọ́ọ̀tù 48 tó wà lára switch kan, ìdajì ọ̀fẹ́ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ nìyẹn. Paessler fúnra wọn máa ń ní kéèyàn ka nǹkan bíi sensor mẹ́wàá sí ẹ̀rọ kan.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ètò náà ń kà, kí ẹ tó ní ó purọ́.

Ìgbà míì wà ṣá tí ìwé agbowó gan-an ní àléébù. Wọ́n pè é ní Ìyá Rónkẹ́ ní iwájú ọjà, wọ́n pè é ní Ìyá Aláta lẹ́yìn, ìwé sì sọ ọ́ di èèyàn méjì. Bẹ́ẹ̀ ni router tó ní àdírẹ́sì IP mẹ́ta ṣe lè wọlé lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí ètò náà bá ń wá ẹ̀rọ kiri. Server tí ẹ ti tà ńkọ́? Bí ẹnikẹ́ni ò bá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, ó ṣì ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Nínú àwọn ètò kan, wọ́n ṣì ń ka ẹ̀rọ tí ẹ kàn ní kó dákẹ́ fúngbà díẹ̀ náà, torí pé aṣọ tí wọ́n fi bo igbá ò sọ pé onígbá ti kúrò lọ́jà.

Èmi ò ní sáré ra ìwé àṣẹ ńlá. Ẹ tẹ gbogbo orúkọ jáde, kí ẹ tò wọ́n ní nọ́mbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ní orúkọ. Ibẹ̀ ni ẹni tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì ti máa hàn. Ẹ pa àṣẹ́kù rẹ́. Bí iye náà ò bá yí lójú ẹsẹ̀, ẹ dá ètò náà dúró, kí ẹ tún un tàn, torí òmíràn kì í tètè tún ìwé kà. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ kọ iye ẹ̀rọ àti iye sensor lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó pe ẹni tó tà á.