Ọmọ tí kò fẹ́ jẹun: ọ̀rọ̀ tí mo sọ lálẹ́ àná, fún ẹ̀yin tí kò ráyè gbọ́ ọ

Admin yín ni o. Ohùn tí mo fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná gùn, àwọn kan ní data àwọn ò gbé e, ni mo bá ní kí wọ́n bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyí, ẹ má wo gírámà.

Ìbéèrè tó ń wọlé látìgbà díẹ̀ ló fà á. Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ ọdún 3 dé láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ọ̀fà, ó ní búrẹ́dì nìkan ni ọmọ ń jẹ láti ìgbà tó ti dé. Ìyá kejì ní tòun á kó ìrẹsì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò ní gbé e mì, kò ní tu ú dànù. Bàbá kan wá kọ̀wé pé alaalẹ́ ni ìyàwó òun àti ọmọ ń jà nídìí abọ́, òun ò gbádùn ilé mọ́. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, torí ibi tí ìjà abọ́ ń gbé ọmọ dé nígbà míì kò dáa.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó máa fi yín lọ́kàn balẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní kílò 3, tó bá fi máa pé ọdún kan, ó sábà máa ń tó kílò 9. Ìlọ́po mẹ́ta ni. Lẹ́yìn ọdún kan yẹn, nǹkan bíi kílò 2 sí 2 ààbọ̀ ló kù tó ń fi kún un lọ́dún. Ara rẹ̀ kò béèrè oúnjẹ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìyá á wá máa sọ pé “ó máa ń jẹun dáadáa tẹ́lẹ̀, mi ò mọ ẹni tó wo ọmọ mi.” Kò sẹ́ni tó wò ó. Ní bíi ọdún 2 náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù oúnjẹ tí wọn ò mọ̀ rí. Ọmọ tó ń gba gbogbo nǹkan lánàá á sọ pé òun ò fẹ́ èyí tó ní àwọ̀ ewé. Ó ń kọjá lọ fún ọ̀pọ̀ wọn.

Ẹ wá gbọ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Èmi tí mo ń ta bísíkíìtì àti mílíìkì ní Sábọ̀n Gàrí ni mo ń sọ ọ́, nítorí náà kì í ṣe pé mo kórìíra ọjà. Ojú mi ló ń rí i. Ọmọ á tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ dé ọjà ní aago 8, á mu kúnù. Oníbàárà á fún un ní bísíkíìtì. Ìyá tó wà ní ẹ̀gbẹ́ á fún un ní súìtì. Ó sunkún, wọ́n ra yógọ́ọ̀tì fún un kó lè dákẹ́ torí oníbàárà wà níwájú. Aago 4, pọ́fùpọ́fù. Aago 7, ẹ délé, ẹ ro àmàlà, ọmọ ní òun ò jẹ. Ìyá ti rẹ̀, ìnáwó ti lọ, ìjà dé. Ṣùgbọ́n ikùn ọmọ ọdún 2 kò ju bí ìkúùkù òun fúnra rẹ̀ ṣe tó lọ púpọ̀. Ọmọ yẹn kò kọ oúnjẹ o, ó ti jẹun láti àárọ̀. Ohun tó jẹ ni kò ní ẹran ara nínú.

Nítorí náà, kí ẹ tó wá oògùn, ẹ kọ gbogbo ohun tó wọ ẹnu ọmọ láti àárọ̀ di alẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, títí kan èyí tí wọ́n ń mu. Ẹnu máa yà yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àsìkò sí i: oúnjẹ gidi ẹ̀ẹ̀mẹta, ìpanu ẹ̀ẹ̀mejì láàárín wọn, kí wákàtí 2 sí 3 wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, kó máa mu omi nìkan níbi tó ṣófo. Kí ìpanu náà jẹ́ ohun tó ní láárí: ẹyin sísè, kósáì, másà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, mángòrò, kúkúńdùnkún sísè. Ẹ̀pà odindi, ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ó lè há a lọ́fun. Ẹ lọ̀ ọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́, ẹ bẹ̀ wọ́n. Ẹ ní “ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ẹ bá fẹ́ fún un ní nǹkan, ẹ kó o fún mi.” Èyí le ju gbogbo ẹ̀ lọ, torí wọ́n lè sọ pé ẹ ń gbéra ga. Ẹ sọ ọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì kan ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan fún wa tó yé mi yékéyéké. Ó ní obìnrin onímọ̀ oúnjẹ ará Amẹ́ríkà kan, Ellyn Satter, ló là á sílẹ̀: òbí ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa jẹ, ìgbà tí wọ́n máa jẹ ẹ́ àti ibi tí wọ́n máa jẹ ẹ́. Ọmọ ló ń pinnu bóyá òun máa jẹ àti iye tó máa tó òun. Tiyín ti parí nígbà tí ẹ bá gbé abọ́ kalẹ̀. Tó bá jẹ òkèlè mẹ́ta tó ní ó tó, ẹ gbé abọ́ kúrò, ẹ má bínú, ẹ má sì fi bísíkíìtì rọ́pò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà. Ó dìgbà tí àsìkò míì bá tó.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa rọ ọmọ. Wọ́n á dá ọmọ dùbúlẹ̀ sórí itan, wọ́n á fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, wọ́n á di imú rẹ̀, wọ́n á da ẹ̀kọ sí i. Mi ò bú wọn. Iṣẹ́ oko ń dúró dè wọ́n, ìfẹ́ ọmọ ló sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣe é. Ọ̀nà èémí àti ọ̀nà oúnjẹ, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà nínú ọ̀fun. Bí ọmọ bá ń gbé nǹkan mì fúnra rẹ̀, ara á pa ọ̀nà èémí dé. Tí ẹ bá di imú rẹ̀, ẹnu ló máa fi mí, ẹnu kan náà tí ẹ̀kọ kún. Bó ṣe ń fa èémí ló ń fa ẹ̀kọ wọnú ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ lè kú síbẹ̀. Tí kò bá kú, òtútù àyà lè tẹ̀ lé e. Èyí tó yè á wá di ọmọ tó ń sunkún tó bá ti rí ṣíbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Kí ọmọ jókòó dáadáa, kó la ẹnu fúnra rẹ̀.

“Jẹ ẹ̀fọ́ yìí, màá fún ẹ ní bísíkíìtì” náà kò dáa. Ohun tí ọmọ gbọ́ níbẹ̀ ni pé ìyà ni ẹ̀fọ́, èrè ni bísíkíìtì.

Fún ìyá ọmọ Ọ̀fà: ẹ má gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wò ó, ilé tuntun, èdè tuntun nínú kọ́ńpáùǹdù, ìyá àgbà tó mọ̀ kò sí mọ́, àní ẹ̀yin gan-an, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ yín ni. Búrẹ́dì ni ohun kan tó rí bákan náà ní Ọ̀fà àti ní Kánò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Búrẹ́dì àti ẹyin. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Ẹ bu ọbẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́, bí àtàǹpàkò, ẹ má sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kí ẹ̀yin náà máa jẹ nínú rẹ̀ lójú rẹ̀. Ó lè tó ìgbà 10 sí 15 tí ọmọ á rí oúnjẹ tuntun kó tó gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń dán an wò tí a fi ń sọ pé “kì í jẹ ẹ́.”

Àwọn kan ń bínú pé ọmọ kọ àmàlà nílé, ó lọ jẹ túwó àti mìyàn kúkà nílé Haúsá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má bínú. Àwọn ọmọ ibẹ̀ máa ń yí abọ́ kan ká ni, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń ṣeré. Tiyín ń dá jókòó, ìyá dúró lé e lórí. Ọmọ mi kejì, túwó ló fi kọ́ òkèlè. Ẹ wò ó lónìí tó bá rí gbẹ̀gìrì.

Fún àwọn tí ọmọ wọn ti lé ní oṣù 6, tó ń mu ẹ̀kọ tàbí kúnù: èyí tó ṣàn bí omi ń kún ikùn lásán ni. Kí ẹ̀kọ ki débi pé kò ní tètè ṣàn kúrò lórí ṣíbí. Ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ kún un, tàbí sóyà, edé lílọ̀, ẹyin, epo pupa ṣíbí kan. Ewé zogale gbígbẹ tí wọ́n gún kò wọ́n níbí. Tíì pẹ̀lú oúnjẹ kò dáa fún ọmọdé, ó ń dí irin tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti wọ ara. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú nìkan, kò sí omi.

Ọ̀rọ̀ yí padà níbí o. Gbogbo ohun tí mo sọ, ọmọ tí ara rẹ̀ dá ni. Ọmọ tó ṣàdédé kọ oúnjẹ, ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò bóyá egbò wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà, ẹ bi wọ́n léèrè nípa aràn. Èyí tó ń kó ìrẹsì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ wo eyín rẹ̀, ẹ rọ ìrẹsì náà díẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ pé ó ń há a lọ́fun nígbà gbogbo, tí oúnjẹ ń gba imú jáde, tàbí kò sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, dókítà ni kẹ́ ẹ lọ bá, kì í ṣe pàṣán.

Ọmọ tó ń rù, èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ní héẹ̀tì sẹ́ńtà, wọ́n ní téèpù kan tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5. Tó bá kéré sí sẹ̀ǹtímítà 11.5, pupa ni. Láti 11.5 sí 12.5, yẹ́lò ni. Ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì. Tí ojú ibẹ̀ bá jìn, tí kò tètè padà, ẹ má dúró dọ̀la. Ọmọ tí àìjẹun-kánú ti wọ̀ lára gan-an, ebi kì í pa á mọ́. Àìsàn náà ló pa ebi. Ìyá á máa sọ pé “ó ń ṣàgídí ni, tí ebi bá pa á, á jẹ,” ọmọ sì ń lọ. Ìtọ́jú wà fún un, pésìtì ẹ̀pà kan tó wà nínú ọ̀rá ni wọ́n ń fún wọn. Oògùn ni, ọ̀fẹ́ ni. Tí ẹ bá rí i lọ́jà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má rà á, ẹ má tà á. Ọmọ ẹnìkan ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣírọ́ọ̀pù tó ń mú ọmọ jẹun ńkọ́? Ẹ ka ara ìgò rẹ̀. Tí ẹ bá rí cyproheptadine, oògùn tó ń mú ọmọ tòògbé nìyẹn. Láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ ní kẹ́mísì.

Bàbá tó ń sá kúrò nílé, ẹ padà wálé. Ẹ jókòó ti ọmọ, ẹ jẹ tiyín nínú abọ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ sinmi lálẹ́ ọ̀la. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ má fi fọ́tò ọmọ sí orí gúrúpù o.