Owó Ìlera ní Ìlú Ọba: Ẹni Tí Ó Bò àti Màmá Tí Kò Bò

Ẹni tó bá ń gba físà iṣẹ́ tàbí ti ilé ìwé tó ju oṣù 6 lọ sí Ìlú Ọba máa ń san owó ìlera mọ́ owó físà. £200 lọ́dún ni fún òṣìṣẹ́ nígbà tí ìjọba gbé e jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2015. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti di £1,035. Akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ń san £776. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń gba ti gbogbo ọdún tó wà lórí físà: tọkọtaya òṣìṣẹ́ tó gba ọdún 3 á kó £6,210 sílẹ̀. Ẹni tó gba físà Health and Care kì í san án.

Ẹni tó bá ti san án, NHS, ètò ìlera ìjọba, á tọ́jú rẹ̀ bí onílé, títí kan iṣẹ́ abẹ àti ìgbẹ̀bí. Ó ṣì máa san owó eyín o, ti oògùn náà sì wà: £9.90 lórí oògùn kọ̀ọ̀kan ní England láti ọdún 2024, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni ní Scotland, Wales àti Northern Ireland.

Ọ̀rọ̀ màmá tó ń bọ̀ wá wẹ ọmọ tuntun ló ká mi lára jù. Físà àbẹ̀wò ni wọ́n ń gbà, owó tí ọmọ wọn san kò sì bò wọ́n. Físà yìí kò béèrè inṣọ́ránsì, ìyẹn ló ń jẹ́ kí a gbàgbé rẹ̀. Màmá lè rí dókítà àdúgbò (GP) lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni ìtọ́jú pàjáwìrì, àmọ́ bí ilé ìwòsàn bá ti dá wọn dúró sórí bẹ́ẹ̀dì, owó ti ń kà nìyẹn. Ní England, ìtọ́jú tó jẹ́ £100 fún NHS, £150 ni àlejò á san. Bí gbèsè tó tó £500 bá pé oṣù 2 nílẹ̀, ilé ìwòsàn lè fi tó Home Office létí, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ fi físà mìíràn du màmá.

Ẹ ra inṣọ́ránsì kí màmá tó wọ bàálù. Fọ́ọ̀mù á béèrè bóyá wọ́n ní àìsàn kankan. Ọmọ á ní rárá, nítorí ara màmá le, wọ́n sì ń lọ sọ́jà. Àmọ́ oògùn Amlodipine wà nínú báàgì wọn, àràárọ̀ ni wọ́n ń lò ó: ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Bí rọpárọsẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní Manchester, ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì á béèrè ìwé ilé ìwòsàn tí wọ́n ń lọ nílé, ohun tí ẹ fi pa mọ́ á sì jáde. Ó lè jẹ́ pé kọ́bọ̀ ò ní jáde mọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí owó rẹ̀ lé.

Ẹ wo iye ọjọ́ orí tí ilé iṣẹ́ náà kì í kọjá, àti iye tí ẹ máa kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara yín san. Ẹ tún béèrè nípa owó gbígbé òkú lọ sílé. Ó korò lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ béèrè.

Bí màmá bá máa kọjá sọ́dọ̀ ọmọ mìíràn ní Jámánì, físà Schengen fúnra rẹ̀ ń béèrè inṣọ́ránsì tó tó €30,000, ó kéré tán. Èyí tí wọ́n ń tà fún físà yẹn lè máà dé Ìlú Ọba rárá; ẹ wá United Kingdom nínú ìwé náà kí ẹ tó sanwó.