Àkáǹtì Ìfowópamọ́ Orí Fóònù: Báwo Ni Báńkì Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ẹ̀yin Ni?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lórí ewé yìí kì í ṣe ẹ̀kọ́ kéwú, ṣùgbọ́n ó kan owó tí a fi ń san owó kéwú. Ní òde òní, ẹni tí ó wà ní Ìyìn, ní Ìfàkì tàbí ní Ìkẹ́rẹ́ kò ní láti wọ mọ́tò wá sí Adó, kí ó wá tò sórí ìlà ní Òkèyínmi tàbí Ìjìgbò, kí ó tó ní àkáǹtì ìfowópamọ́. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ti tó. Ohun tí kò tíì yé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ohun tí báńkì ń wò kí ó tó gbà pé ẹni tí ó di fóònù mú ni ẹni tí ó ni orúkọ. Ibẹ̀ gan-an sì ni olè ń gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ rántí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára Oǹdó ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1996, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣí àkáǹtì yóò mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lọ sí báńkì, yóò kọ fọ́ọ̀mù, yóò sì fọwọ́ sí káàdì kan tí báńkì yóò fi pamọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé yóò tẹ̀ka. Bí ó bá jẹ́ àkáǹtì onísọ̀wédowó, yóò wá ènìyàn méjì tí yóò jẹ́rìí sí i. Ní ọjọ́ tí ó bá wá gba owó, akọ̀wé yóò mú fọ́tò àti ìfọwọ́sí náà jáde, yóò wò ó, yóò sì wo ojú ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀. Ìdánimọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹnì kan lè jẹ́ orúkọ mẹ́ta ní báńkì mẹ́ta, kí ó yá owó ní ọ̀kan kí ó sì sá lọ sí èkejì, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.

Èyí wà lára ìdí tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, tí gbogbo wa mọ̀ sí CBN, fi bẹ̀rẹ̀ BVN pẹ̀lú àwọn báńkì yòókù ní ọjọ́ 14 oṣù kejì 2014. Nọ́ńbà oníka 11 ni. Ó so ìka ọwọ́, ojú, orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà fóònù mọ́ ẹnì kan ṣoṣo, báńkì yòówù kí ó lọ. NIN náà jẹ́ oníka 11, ohun tí ó fà á nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń pe ọ̀kan mọ́ èkejì. Ṣùgbọ́n ti ìjọba ni NIN, àjọ NIMC ni ó ń fúnni. Ní oṣù kejìlá 2023 ni CBN pàṣẹ pé àkáǹtì tàbí àpamọ́wọ́ orí fóònù kankan kò gbọdọ̀ wà láìní ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ní ti báńkì orí fóònù fúnra rẹ̀, a lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ilé ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Báńkì Wema, tí olóògbé Mathew Adekoya Okupe dá sílẹ̀ ní 1945 ní orúkọ Agbonmagbe Bank, ni ó gbé ALAT jáde ní oṣù karùn-ún 2017, èyí tí wọ́n kà sí báńkì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kuda tẹ̀lé e ní 2019 pẹ̀lú ìwé-àṣẹ báńkì kéékèèké. Lónìí, àwọn báńkì ńláńlá àtijọ́ náà ti ní áàpù tiwọn.

Bí a ṣe ń ṣí i kò le. A ó gba áàpù báńkì náà láti Play Store tàbí App Store. A kò gbọdọ̀ gbà á láti inú ìlà aláwọ̀ búlúù tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bí ó tilẹ̀ jẹ́ alágbà mọ́sáláṣí ni ó fi í ránṣẹ́, nítorí a lè ti tan òun náà. A ó kọ nọ́ńbà fóònù wa, a ó kọ BVN tàbí NIN. Lẹ́yìn èyí ni báńkì yóò fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní OTP. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń há. Nígbà púpọ̀, orí fóònù tí a fi ṣe BVN ni OTP náà ń lọ, kì í ṣe èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa lónìí. Ẹni tí ó ṣe BVN ní 2015 tí síìmù náà sì ti sọnù, yóò jókòó de ohun tí kò ní dé. Kò sí ọ̀nà àbùjá síbẹ̀: kí ó lọ sí báńkì rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kí wọ́n yí nọ́ńbà náà padà. Kí ó sì tètè lọ, torí pé ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù máa ń ta síìmù tí a pa tì fún ẹlòmíràn, ẹni náà ni yóò sì máa gba OTP rẹ̀.

Lẹ́yìn OTP ni ojú. Áàpù yóò ní kí a gbé fóònù síwájú, kí a ṣẹ́jú, kí a yí orí sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń wò bóyá alààyè ni tàbí fọ́tò tí ẹnì kan gbé síwájú, lẹ́yìn náà ni yóò fi ojú náà wé èyí tí ó wà lórí BVN tàbí NIN. Níqáàbù kò lè wà lójú ní àkókò yìí, ṣùgbọ́n àǹfààní kan wà níbẹ̀ fún àwọn ìyá àti arábìnrin wa: inú yàrá wọn ni wọ́n ti lè ṣe é, láìsí àjèjì ọkùnrin tí ó jókòó síwájú wọn. Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, nọ́ńbà àkáǹtì oníka 10 yóò jáde.

Bí kò bá bára mu ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ọmọ ilé-kéwú ju ẹlòmíràn lọ. Ìwé-ẹ̀rí wa ní Abdur-Rafiu. NIMC tẹ Rafiu. Akọ̀wé tí ó ṣe BVN kọ Abdulrafiu papọ̀ láìsí àlàfo. Ẹnì kan náà ni lójú ìyá rẹ̀, ẹni mẹ́ta ni lójú ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Sherifat àti Sharifat, Muinat àti Muhinat. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti lo orúkọ ọkọ níbì kan tí wọ́n sì ń lo orúkọ bàbá níbòmíràn tún wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ ìbí kò gbẹ́yìn: àwọn òbí kan fojú díwọ̀n rẹ̀ ní ọdún tí ọmọ wọ ilé-ìwé, wọ́n sì tún fojú díwọ̀n òmíràn níwájú NIMC. Owó tí wọ́n ń gbà láti tún ọjọ́ ìbí ṣe kì í ṣe kékeré. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí òbí pinnu bí a ó ṣe máa kọ orúkọ ọmọ ní lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan, kí ilé-kéwú, ilé-ìwé àti NIMC máa wo inú ìwé yẹn kọ ọ́.

Ẹ tún mọ̀ pé àkáǹtì tí a ṣí wéré kì í gba owó púpọ̀. Láti 2013 ni CBN ti pín àkáǹtì sí ìpele mẹ́ta. Ìpele kìn-ín-ní, tí kò béèrè ohun púpọ̀, ní òdiwọ̀n iye tí ó lè wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kó owó Hájì jọ, tàbí tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi owó ilé ránṣẹ́ láti òkè òkun, kí ó ti gòkè sí ìpele kẹta ṣáájú. Káàdì ìdánimọ̀ àti ẹ̀rí ibi tí a ń gbé, bí i bíìlì iná, ni wọn yóò béèrè.

Wàyí o, báwo ni a ṣe lè fi ààbò báńkì kan wé ti èkejì? Ohun mẹ́ta ni gbogbo báńkì ń lò: ohun tí ẹ mọ̀, bí i PIN, ohun tí ó wà lọ́wọ́ yín, bí i síìmù, káàdì tàbí tókìnnì, àti ohun tí ẹ jẹ́, ìyẹn ojú tàbí ìka yín. Báńkì tí ó bá ń béèrè ẹyọ kan kí owó ńlá tó jáde kò ní ààbò tó. Èyí tí ó bá ń béèrè méjì láti ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dára jù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: OTP tí ó wọlé sórí síìmù kan náà tí ó wà nínú fóònù kan náà tí áàpù wà nínú rẹ̀ kò fi gbogbo ara jẹ́ méjì. Ẹni tí ó bá jí fóònù náà ti kó méjèèjì. Tókìnnì tí ó dá dúró sàn jù ú lọ fún ẹni tí owó òwò ń gba àkáǹtì rẹ̀ kọjá.

Àyẹ̀wò tí ó wù mí jù lọ ni ti fóònù tuntun. Ẹ gbìyànjú kí ẹ wọ áàpù yín lórí fóònù ẹlòmíràn nínú ilé. Bí PIN nìkan bá gbà yín wọlé, tí ẹ sì lè fi owó ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má kó owó púpọ̀ síbẹ̀. Báńkì tí ó bá tún wo ojú yín, tí ó sì dín iye tí ẹ lè fi ránṣẹ́ kù fún ìgbà díẹ̀, ó ń dá olè dúró dè yín.

Ìpè oníràwọ̀, bí i *737# tàbí *894#, wúlò ní ìgbèríko níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣe ségesège. Ewu rẹ̀ ni pé síìmù yín ni ó gbà pé ẹ̀yin ni. Bí olè bá yọ ọ́ sínú fóònù tirẹ̀, PIN oníka mẹ́rin nìkan ni ó kù láàárín òun àti owó yín. Nítorí náà, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí síìmù fúnra rẹ̀ láti inú fóònù, kí ẹ má sì fi ọdún ìbí yín ṣe PIN.

Ní ti àwọn gbájúẹ̀ tí ń pe ènìyàn pé báńkì ni àwọn: wọ́n lè mọ orúkọ yín, wọ́n lè ka BVN yín fún yín. Ìyẹn kò sọ wọ́n di òṣìṣẹ́ báńkì. Òṣìṣẹ́ báńkì kì í béèrè OTP, kì í béèrè PIN, kì í sì béèrè nọ́ńbà mẹ́ta tí ó wà lẹ́yìn káàdì. Ẹni tí ó bá béèrè rẹ̀, olè ni, bí ó ti wù kí ó ní ohùn tútù tó.

Àwa náà ní láti yẹ báńkì wò. Àwọn tí wọ́n ti dàgbà yóò rántí pé báńkì 26 ni CBN tì ní oṣù kìn-ín-ní 1998. Ní oṣù kẹfà 2024 ni ó tún gba ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ Heritage Bank. Àjọ NDIC ni ó dúró fún owó wa ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Láti oṣù karùn-ún 2024, mílíọ̀nù 5 náírà ni ó lè san fún ẹnì kan ní báńkì ńlá, tí ó jẹ́ 500,000 tẹ́lẹ̀. Ti báńkì kéékèèké di mílíọ̀nù 2 láti 200,000. Nígbà ti Heritage, BVN ni NDIC fi wá àkáǹtì mìíràn tí àwọn oníbàárà ní, tí ó sì san owó síbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n wá tò sórí ìlà. Ṣùgbọ́n MMM tí ó dákẹ́ ní oṣù kejìlá 2016, àti CBEX tí ó gbé owó àwọn ènìyàn lọ ní oṣù kẹrin 2025, kò sí NDIC lẹ́yìn wọn. Áàpù dáradára ni CBEX náà ní. Ẹ wo orúkọ báńkì nínú àkọsílẹ̀ CBN kí ẹ tó wo ẹwà áàpù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èlé ń kọ́? Àkáǹtì ìfowópamọ́ ti báńkì gbogboogbò ń fi èlé kún owó. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ ní ibi tí yóò lọ: Jaiz bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012, TAJBank ní 2019, Lotus ní 2021. Ọ̀nà mùdáràbà ni wọ́n máa ń lò fún owó ìpamọ́, èrè òwò ni wọ́n sì ń pín. Áàpù wà fún wọn, ààbò tí a sọ lókè yìí ni kí ẹ fi yẹ àwọn náà wò. Ìyókù, ẹ bi àwọn ààfáà yín.

Bí owó bá fò lọ, ìṣẹ́jú ni ẹ ní, kì í ṣe ọjọ́. Láti 2011 ni owó ti ń ti báńkì dé báńkì ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ pe ẹ̀ka tí ń rí sí jìbìtì ní báńkì yín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n ti àkáǹtì pa, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, ẹ kọ̀wé sí CBN. Nọ́ńbà tí a fi ń ti àkáǹtì pa, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé nílé. Bí inú fóònù nìkan ni ó wà, ó ti bá fóònù lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kò tíì pé ọdún 18, òbí tàbí alágbàtọ́ ni yóò ṣí ti yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rí ohun tí ń wọlé àti ohun tí ń jáde níbẹ̀.

Ohun kan kù tí a kì í fẹ́ sọ. Àkáǹtì orí fóònù kì í ní ìwé tí àwọn ará ilé lè bá lábẹ́ ìrọ̀rí. Bí onílé bá kú, owó náà lè wà níbẹ̀ kí àwọn ajogún má mọ̀. Orúkọ ìbátan tí a kọ sínú fọ́ọ̀mù kò sì sọ ẹni náà di ẹni tí ó lè gba owó. Báńkì yóò béèrè ìwé láti ilé-ẹjọ́. Ẹ kọ orúkọ báńkì àti nọ́ńbà àkáǹtì sínú ìwé kan, láìkọ PIN sí i, kí ẹ sì fi í sọ́wọ́ ẹni tí ẹ fọkàn tán.